Iṣẹ́ Tó Kù fún Òdòdó Tí A Ti Gé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Port Harcourt

  

Ọ̀rọ̀ òdòdó lẹ ní kí n wá sọ, píónì lẹ sì fi ṣáájú. Mo mọ ohun tó fà á. Àwọn ọmọ wa tó ń múra ìgbéyàwó ti rí i lórí fóònù: òdòdó ràbàtà, awẹ́ lórí awẹ́, aláwọ̀ píńkì tàbí funfun báláú. Wọ́n ní òun làwọn fẹ́, àwọn ò fẹ́ òmíràn. Ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ á gbowó gọbọi, ọkọ̀ òfuurufú á gbé òdòdó náà dé pápákọ̀ òfuurufú Omagwa. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó lè jẹ́ pé ìrudi náà ṣì le gbandi, kò tíì là rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti là kọjá àlà, awẹ́ rẹ̀ ti ká sílẹ̀ yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Owó ti ná, òdòdó ti bàjẹ́, ìyá ìyàwó ń bínú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú lọ sílé lónìí. Òdòdó tí a gé kò tíì kú. Iṣẹ́ ṣì kù tó fẹ́ ṣe, iṣẹ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tó kù fún òdòdó ọwọ́ rẹ̀ ló máa mọ ìgbà tó yẹ kó gé e, ibi tó yẹ kó gbé e sí, àti ohun tó yẹ kó bù sí omi rẹ̀.

Ìlú tó ń jẹ́ orúkọ ọlọ́gbà

Kí a tó wo píónì, ẹ jẹ́ kí a wo ìlú wa. Ní 1913 ni gómìnà Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt sọ Port Harcourt, èbúté tuntun nígbà náà. Harcourt ni mínísítà tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ìdílé rẹ̀ ní ilé ńlá kan ní Nuneham Courtenay, nítòsí Oxford, ọgbà òdòdó ibẹ̀ sì ti lókìkí láti nǹkan bí 1770 sókè, nígbà tí William Mason, akéwì tó tún jẹ́ àlùfáà, ṣètò rẹ̀. Títí dòní, Harcourt ni Yunifásítì Oxford ń pe ọgbà igi tó ní síbẹ̀. Ìnagijẹ Garden City tí gbogbo Nàìjíríà fi ń ki ìlú yìí bá orúkọ tó ń jẹ́ mu ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ.

Òjò tó ń rọ̀ níbí lọ́dún kan ju mìlímítà 2,000 lọ. Ilẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, ewé kì í pẹ́ hù. Ohun tí Port Harcourt kò ní ni òtútù, òtútù yẹn gan-an sì ni píónì kò lè ṣe aláìní.

Ohun tí píónì kọ́ àwọn tó ń gbìn ín

Àwọn ará Ṣáínà ti ń gbin píónì fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ìlú Luoyang sì gbajúmọ̀ nítorí rẹ̀ títí dòní. Lára èyí tí wọ́n ń tà jù nínú àwọn tí wọ́n ń gé ni Sarah Bernhardt, tí ìdílé Lemoine mú jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1906, tí wọ́n sì fi orúkọ òṣèré obìnrin tó lókìkí nígbà náà sọ ọ́.

Nígbà òtútù, ewé píónì á kú pátápátá, gbòǹgbò àti ojú tó máa hù lọ́dún tó ń bọ̀ ló máa kù lábẹ́ ilẹ̀. Ojú náà kò ní rúwé kó rudi dáadáa àfi bí òtútù tó tó 5°C tàbí tó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ bá bá a fún nǹkan bíi wákàtí 500 sí 1,000, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí. Ní ìlú wa níbí, ṣàṣà ni òru ọyẹ́ tó sún mọ́ 15°C. Bí ẹnikẹ́ni bá ta gbòǹgbò píónì fún yín pé kí ẹ gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé ní Rumuola, ewé lẹ máa rí, bí ẹ bá tilẹ̀ rí ìyẹn. Nítorí náà òkèèrè ni gbogbo píónì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ń wá. Ní Netherlands, wọ́n ń gé e títí wọ Oṣù Kẹfà. Ní Alaska, Oṣù Keje àti Oṣù Kẹjọ ni tiwọn. Ní Chile àti New Zealand, tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ wa, Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kejìlá ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ àgbẹ̀ píónì dáadáa. Kì í dúró kí òdòdó là kó tó gé e. Kùtùkùtù òwúrọ̀ ló ń wọ oko, kí oòrùn tó mú omi kúrò lára igi. Á fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e rọra tẹ ìrudi kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá le, á fi í sílẹ̀, nítorí irú ìrudi bẹ́ẹ̀ lè má là láéláé bí a bá gé e. Bí àwọ̀ bá ti yọ, tí ìrudi sì ń tẹ̀ wọlé díẹ̀ lábẹ́ ìka, ó ti tó. Bí awẹ́ òde bá ti ṣí, ó ti pẹ́ fún ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Èyí tí kò tíì tó láàárọ̀ lè tó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ìdí nìyí tí ó fi tún ń padà wọ oko kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi bébà wé e láìfi omi sí i rárá, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú yàrá òtútù tí kò ju 0 sí 1°C lọ. Níbẹ̀ ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbàjẹ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kàn dúró ni. Bí a bá gbé e jáde, tí a tún ìdí rẹ̀ gé, tí a gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tó bá a dé, á sì là láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Tó bá là tán nínú yàrá tó tutù, nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje ló ní. Nínú gbọ̀ngán tí iná ti lọ ní Trans-Amadi, kò lè tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé èèrà ló ń ṣí ìrudi píónì, torí pé wọ́n sábà máa ń bá èèrà lórí rẹ̀. Omi dídùn tó ń sun lára ìrudi ló ń fà wọ́n wá. Bí èèrà wá, bí kò wá, píónì á là.

Bí ìrudi ṣe ń là

Kí ló wá ń ṣí i? Nígbà tí ìrudi ṣì padé, awẹ́ rẹ̀ ti pé sínú. Kì í hu awẹ́ tuntun lẹ́yìn tí a bá gé e. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti wà nílẹ̀ ló ń wú. Ìrudi ti kó sítáàṣì pamọ́ sínú awẹ́ wọ̀nyí. Bí àkókò bá tó, á sọ sítáàṣì náà di ṣúgà, ṣúgà á fa omi wọlé, sẹ́ẹ̀lì á tóbi. Ẹ̀gbẹ́ inú awẹ́, níbi ìdí rẹ̀, ń yára tóbi ju ẹ̀gbẹ́ òde lọ. Ìyẹn ló ń ti awẹ́ sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí òdòdó fi máa là gbẹdẹgbẹdẹ.

Òdòdó tó ń là nílò omi, ó sì nílò ṣúgà. Nígbà tó wà lórí igi, gbòǹgbò ló ń fún un lómi, ewé ló ń ṣe ṣúgà fún un. Ọ̀bẹ ti gé ọ̀nà méjèèjì. Èyí tó kó pamọ́ àti èyí tí a bá fún un ló kù tó lè fi ṣiṣẹ́. Ìrudi tí a gé nígbà tí kò tíì kó nǹkan pamọ́ tó dà bí ọmọ tí wọ́n rán ní ìrìn àjò láìsí owó ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ìrudi líle fi ń kú ní pípadé, tó jẹ́ pé omi inú ìkòkò kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Àwọn obìnrin tó ń ta ugwu ní ọjà Mile 3 kò jókòó kàwé kankan lórí èyí, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ewé tí a gé ṣì ń mu omi. Wọ́n ń wọ́n omi sí i, wọ́n ń fi àpò tútù bò ó, wọ́n ń gbé e kúrò nínú oòrùn. Ẹni tó bá ń tọ́jú òdòdó bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ugwu ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì wà nínú mímọ̀ pé ugwu kò ní ohunkóhun tó fẹ́ là; òdòdó lè ní.

Èyí tó máa là àti èyí tí kò ní là mọ́

Mo sọ pé òdòdó lè ní, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn. Níbí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í gé.

Róòsì wà nínú àwọn tó ń là lẹ́yìn gígé. Àwọn tí a ń rà ní owó gọbọi fún Àyájọ́ Olólùfẹ́ ní Oṣù Kejì sábà máa ń wá láti òkè tó tutù. Àgbègbè adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 1,880 ju òkun lọ, ni ọ̀gá wọn ní Áfíríkà. Jos tiwa náà ń hu róòsì nítorí pé òkè ibẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 1,200. Ẹ gé róòsì nígbà tí awẹ́ òde rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà kúrò lára àwọn tó kù. Bí ẹ bá gé e ṣáájú ìyẹn, ọrùn rẹ̀ á tẹ̀, kò sì ní là. Tuberose, òdòdó funfun olóòórùn dídùn tó wá láti Mẹ́síkò, ń là láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lórí ọ̀pá kan náà. Bí méjì mẹ́ta bá ti là nísàlẹ̀, ẹ gé e, kí ẹ máa já èyí tó bá rọ dànù kí tòkè lè rí nǹkan mu.

Heliconia kò rí bẹ́ẹ̀, òun sì ni ilẹ̀ yìí fẹ́. Ohun pupa tàbí aláwọ̀ ọsàn tí a ń rí lára rẹ̀ kì í ṣe òdòdó gan-an. Ewé aláwọ̀ ni, òdòdó kéékèèké ló wà nínú wọn. Ewé aláwọ̀ wọ̀nyí kì í ṣí mọ́ lẹ́yìn gígé. Bí ẹ bá gé e nígbà tí méjì péré ti ṣí, méjì náà ló máa ní títí yóò fi gbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lórí igi; kò kù ju kí ó má bàjẹ́ lọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kó ṣí tó bí ẹ ṣe fẹ́ kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án. Kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi láti ìdí. Bí ẹ bá mú un wọlé, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ gbọn omi òjò tó dúró sínú ewé náà dànù, nítorí èèrà àti ìdọ̀tí kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ri gbogbo rẹ̀ sínú omi mímọ́ fún bí ìdajì wákàtí, kó fi ara mu. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe atalẹ̀ pupa tí a ń gbìn fún ẹwà àti àwọn ìbátan rẹ̀.

Hibiscus iwájú ilé wa ńkọ́? Ọjọ́ kan ni ayé òdòdó rẹ̀, ìbáà wà lórí igi, ìbáà wà nínú omi, ìbáà wà lórí tábìlì lásán. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó là láàárọ̀ kó sì padé lọ. Ẹ má fi ìkòkò àti omi ṣòfò. Ẹ já a láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tábìlì.

Òṣíbàtà funfun tí gbogbo wa mọ̀ nínú odò jẹ́jẹ́ àti adágún tún ní tirẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ló ń là, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí oòrùn bá ti ń mú, á padé. Ẹni tó bá gé e fún àpèjẹ ọ̀sán á rò pé wọ́n ta òdòdó òkú fún òun. Kí ó fi í ṣe ọ̀ṣọ́ àsè alẹ́, á rí ẹwà rẹ̀.

Ọ̀bẹ, omi àti korobá

Nínú ọ̀pá òdòdó ni àwọn ihò tín-ín-tín-ín tí omi ń gbà gòkè wà. Omi inú wọn so mọ́ra, ó ń fa ara rẹ̀ lọ sókè bí ewé ti ń mí omi jáde. Bí a bá gé ọ̀pá náà nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á wọ inú ihò, á dí omi lọ́nà. Róòsì tó dorí kodò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí omi sì kún ìkòkò rẹ̀, òùngbẹ ló ń pa á. Ẹ ri ìdí rẹ̀ sínú korobá omi, kí ẹ gé nǹkan bí ìka méjì kúrò níbẹ̀ nínú omi náà, kí ẹ wá jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ wà nínú omi jíjìn tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Tí kò bá tíì pẹ́ jù, ọrùn rẹ̀ á tún nà.

Ọ̀bẹ mímú ló dára, ẹ gé e ní ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí ìdí rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àlùmọ́gàjí tó ti kú máa ń tẹ ihò náà pa ni. Ẹ já gbogbo ewé tó bá máa rì sínú omi, torí pé jíjẹrà ni yóò jẹrà síbẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìdí òdòdó ọjọ́ kẹta tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, tó sì ń rùn, bakitéríà lẹ fọwọ́ kàn yẹn. Àwọn náà ń dí ihò pa gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe. Nítorí náà, korobá òdòdó gbọ́dọ̀ mọ́ tó èyí tí a lè fi bu omi mímu. Ẹ pààrọ̀ omi lọ́jọ́ méjì-méjì, kí ẹ sì tún ìdí gé lọ́jọ́ náà.

Omi kànga ẹ̀rọ ní apá ibí yìí sábà máa ń ní irin nínú. Ẹ ti rí àwọ̀ ìpẹtà tó ń fi sára korobá. Ẹ jẹ́ kó tòrò di ọjọ́ kejì kí ẹ tó bù ú lókè. Omi òjò tí a gbè látojú ọ̀run tààrà tún dára.

Bí ẹ kò bá ní oògùn òdòdó tí wọ́n ń tà nínú páálí, ẹ lè po tiyín. Sínú omi lítà kan, ẹ bu ṣíbí ìjẹun kan ṣúgà, ṣíbí ìjẹun méjì omi ọsàn wẹ́wẹ́, àti ìdajì ṣíbí tíì bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ṣúgà ni oúnjẹ, ọsàn ń mú kí omi gòkè wọ́ọ́rọ́, bílíìṣì ń pa bakitéríà. Bí ẹ bá bu ṣúgà láìbu bílíìṣì, bakitéríà lẹ ń bọ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn omi, kí ẹ wá bù wọ́n sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ omi ọsàn láìsí omi láàárín wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Heliconia kò nílò ṣúgà yìí. Píónì, róòsì àti tuberose ló nílò rẹ̀.

Fíríìjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀

Òtútù ń dá iṣẹ́ òdòdó dúró, ṣùgbọ́n òtútù ti ẹnìkan ni ikú ẹlòmíràn. Fíríìjì ilé sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 4°C. Róòsì máa sùn níbẹ̀ dáadáa, píónì náà. Heliconia, ọmọ ilẹ̀ olóoru, máa dúdú níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí kò fẹ́ ohun tó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 13°C lọ. Yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló tó o. Bí ẹ bá ń lo méjèèjì fún àríyá kan, ẹ má ṣe kó wọn sínú fíríìjì kan náà.

Ẹ má sì fi èso tó pọ́n sínú fíríìjì òdòdó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń sọ fún ewéko pé àkókò ti tó láti pọ́n, láti gbó, láti já. Ní 1901, Dimitry Neljubow, ọmọ Rọ́ṣíà kan ní St. Petersburg, fi hàn pé ethylene ló ń da ìdàgbà píìsì, ìbátan ẹ̀wà, tó hù nítòsí iná gáàsì rú. Ní Eleme tó wà lẹ́bàá wa níbí, ethylene yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe ohun èlò ike. Òdòdó tó bá jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fẹ́ fi sun bọ́lì lálẹ́ lè gbó kó tó dàárọ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní ethylene nínú bákan náà. Mo rí i ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán pé ẹ̀yìn tí jẹnẹrétọ̀ wà ni wọ́n ń kó korobá òdòdó sí di òwúrọ̀, torí pé ibẹ̀ ló ṣófo. Kò sí ibi tó burú tó o.

Àbá mi

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin tó ń ṣe ọ̀ṣọ́, wákàtí àríyá ni kí ẹ ti máa kà padà. Píónì gbọ́dọ̀ jáde nínú òtútù ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sì ti fi ọ̀kan dán ibi tí ẹ máa tọ́jú wọn sí wò. Ní ti róòsì, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ti tó. Heliconia, ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Hibiscus, ẹ já a nígbà tí àwọn alásè bá ń dáná.

Èkejì, ẹ̀yin tó ń tà, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ gé òdòdó sára korobá rẹ̀. Oníbàárà tó bá mọ ọjọ́ gígé kò ní bá yín jà lórí ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbátan ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni heliconia àti atalẹ̀ pupa. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń so ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Choba tàbí Omagwa lè gbìn wọ́n láti inú ìdí rẹ̀, bí a ṣe ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Èkó àti Àbújá ń fẹ́ òdòdó tó ń pẹ́ nínú ooru. A kò lè bá Naivasha du róòsì, a kò sì lè bá Luoyang du píónì. Ohun tí òjò Port Harcourt ń hù ni kí a fi wá owó, kí a sì mọ̀ ọ́n gé.

Fún ẹ̀yin tó kàn fẹ́ ra òdòdó, ìbéèrè méjì péré ló tó láti bi ẹni tó ń tà á: ìgbà wo ni wọ́n gé e, ṣé ó ṣì máa là àbí ó ti là tán? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dín owó rẹ̀ kù, tàbí kí ẹ yà sí ìsọ̀ kejì.